Àtúnṣe Tó Ń Ba Ilé Jẹ́: Kí Ló Dé Tí Sìmẹ́ńtì Fi Ń Pa Òkúta Ilé Àtijọ́?

Tí ẹ bá ń gbé nílùú ọba, tàbí tí ẹ bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ dúró níwájú ilé olókùúta àtijọ́ kan, kí ẹ wo ara ògiri rẹ̀ dáadáa. Nígbà míì, ẹ máa rí nǹkan kan tó yani lẹ́nu. Òkúta á ti jẹ wọnú, ojú rẹ̀ á máa ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tó wà láàárín òkúta kan sí èkejì ṣì le gbagidi, ó yọ síta bí egungun ìhà màlúù tó rù.

Ẹ gbọ́ ná, báwo ni òkúta ṣe máa kú, tí ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ á ṣì wà láàyè? Ṣebí òkúta ló yẹ kó pẹ́ jù?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé sìmẹ́ńtì yẹn gan-an ló pa òkúta náà. Ẹni tó fi í síbẹ̀ kò ní èrò burúkú o. Ó fẹ́ tún ilé ṣe ni. Ó rí i pé ohun tó wà láàárín òkúta ti ń rọ̀, ó ń já dànù bí ìyẹ̀fun, ló bá lọ ra ohun tó le jù lọ́jà, ó fi dí i. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, a fẹ́ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan ilé tiwa náà.

Òkúta ń mu omi

A máa ń sọ pé ẹnì kan le bí òkúta, bí ẹni pé nǹkan kan ò lè wọ inú òkúta. Ó dá lórí irú òkúta tó bá jẹ́. Akọ òkúta, irú èyí tó wà ní Olúmọ l'Abẹ́òkúta, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Bath, òkúta ẹfun ni. Ti Edinburgh, òkúta iyanrìn ni: iyanrìn tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún, tó fi lẹ̀ mọ́ra wọn di òkúta.

Àwọn òkúta méjèèjì yìí ní ihò tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Ẹ fojú kàn-ìn-kàn-ìn wò wọ́n, kàn-ìn-kàn-ìn tó le gan-an. Òjò rọ̀, wọ́n mu díẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ náà máa ń gun ògiri bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Èémí àwọn tó ń sùn nínú ilé àti ooru ìkòkò tó ń hó nílé ìdáná, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sára ògiri.

Omi tó wọlé kì í ṣe ìṣòro rárá, tó bá ti rí ọ̀nà jáde. Oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ fẹ́, ògiri gbẹ. Ìṣòro ni pé omi kì í rìn lóun nìkan, iyọ̀ máa ń bá a rìn. Ẹ ti rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tó máa ń yọ lára ògiri nísàlẹ̀ ilé, àbí? Iyọ̀ nìyẹn. Bí omi bá ṣe ń gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á máa dì, á máa tóbi. Tó bá jẹ́ pé ìta ló dì sí, ẹ ó kàn fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a dànù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú ihò tíntìntín yẹn ló dì sí, kò sáyè fún un mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkúta láti inú wá. Díẹ̀díẹ̀, ojú òkúta á ṣí.

Nílùú tí otútù ti ń mú, yìnyín ń dá kún un. Bí omi bá dì, ó máa ń fẹ̀ sí i ní bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò omi sínú fíríísà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgò á bẹ́. Òkúta tí omi kún inú rẹ̀ náà á bẹ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé olókùúta kò ju gbólóhùn kan lọ: ibo ni omi máa gbà jáde?

Láìmù, òkúta tó kú tó tún jí

Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyẹn láyé àtijọ́ mọ ìdáhùn. Wọn ò ní sìmẹ́ńtì irú tòní. Ohun tí wọ́n fi ń so òkúta pọ̀ ni láìmù. (Kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ o! Orúkọ ló jọra.)

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó dùn ún gbọ́. Wọ́n á kó òkúta ẹfun sínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Iná yẹn á lé afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó wà nínú òkúta jáde. Ohun tó ń bá afẹ́fẹ́ yẹn lọ kò kéré: tí ẹ bá sun 100 kílò ògidì òkúta ẹfun, nǹkan bí 56 kílò ló máa ṣẹ́ kù. Èyí tó kù yìí burú gan-an. Tí omi bá kàn án, á gbóná, á máa hó bí ọbẹ̀ lórí iná, ó sì lè jó èèyàn lára. Tó bá hó tán, á di nǹkan funfun tó rọ̀ múlọ́múlọ́. Wọ́n á pò ó mọ́ iyanrìn, ó di àpòpọ̀ tí wọ́n ń fi mọ ògiri.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Nígbà tí àpòpọ̀ yìí bá ti wà lára ògiri, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí iná gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń gba ohun ìní rẹ̀ padà nìyẹn. Bó ṣe ń gbà á, ó ń padà di òkúta ẹfun. Kì í yára o. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, tó bá sì nípọn, ó lè gba ọdún.

Òkúta tuntun tó dà yìí rọ̀ ju òkúta tó yí i ká lọ. Ihò inú rẹ̀ sì pọ̀. Nítorí náà, ojú ìpàdé òkúta ni omi máa ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni iyọ̀ ń dì sí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àpòpọ̀ yẹn á jẹ, á máa já dànù. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti bàjẹ́. Rárá o, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ó gba ìyà jẹ kí òkúta má bàa jẹ ẹ́.

Ẹ rántí fíúsì inú ilé yín. Bí iná mànàmáná bá wá jù, fíúsì ló máa jó, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó máa ní, "Fíúsì yìí ò dáa, ẹ jẹ́ ká fi irin tó nípọn dípò rẹ̀." Àbí ẹ mọ ẹni tó ṣe é? Àwa náà mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń parí.

Sìmẹ́ńtì dé

Ní 1824, bíríkìlà kan ní Leeds tó ń jẹ́ Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ fún ohun kan tó pè ní Portland cement. Ó sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé, tó bá gbẹ tán, ó jọ òkúta tí wọ́n ń wà ní Portland ní gúúsù England, irú òkúta tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ní London. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn míì tún un ṣe. Sìmẹ́ńtì tòní, wọ́n ń sun òkúta ẹfun àti amọ̀ pọ̀ nínú iná tó tó nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékoro ní ìpínlẹ̀ Ògùn, iṣẹ́ yìí náà ló wà fún.

Mi ò bá sìmẹ́ńtì jà o. Afárá, ilé alájà púpọ̀, ìsàlẹ̀ kànga, òun ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ó yára gbẹ, ó le, omi kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá. Nílé tuntun, àǹfààní ni gbogbo ìyẹn.

Àmọ́ ní ara ilé olókùúta àtijọ́, àwọn ohun mẹ́ta yìí kan náà ló ń di àbùkù. Ní Britain, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1919 ló jẹ́ pé láìmù ni wọ́n fi mọ wọ́n. Lẹ́yìn náà, sìmẹ́ńtì gba ọjà. Àwọn bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ láìmù darúgbó, àwọn ọmọ iṣẹ́ ò kọ́ ọ mọ́. Bí ojú ìpàdé òkúta bá ti jẹ, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń dí i.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Omi tó wà nínú ògiri dé ibi tó máa ń gbà jáde, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Kò sọ́nà míì ju ojú òkúta fúnra rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni iyọ̀ wá ń dì sí, ibẹ̀ ni yìnyín ń fọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ògiri máa ń mira díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn àti òtútù bá ń mú un. Àpòpọ̀ láìmù máa ń gbà fún un. Sìmẹ́ńtì kì í gbà. Tí nǹkan kan bá máa là, òkúta ni. Bó bá sì là, omi òjò á gba ojú ibi tó là wọlé, sìmẹ́ńtì ò sì ní jẹ́ kó jáde.

Àpòpọ̀ láìmù tó jẹ, ẹ lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ ní igba ọdún sẹ́yìn ńkọ́? Tí ojú rẹ̀ bá ti ṣí dànù, ó ti lọ nìyẹn.

Irin inú ilé òrìṣà Gíríìkì

Kì í ṣe sìmẹ́ńtì nìkan ló ń ṣe irú èyí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Athens. Lórí òkè Acropolis ni Parthenon wà, ilé òrìṣà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 447 ṣáájú ìbí Jésù. Òkúta mábù ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọn ò sì fi àpòpọ̀ kankan sáàárín rẹ̀. Irin ni wọ́n fi há òkúta kan mọ́ èkejì, wọ́n wá yọ́ òjé lé irin yẹn lórí kí omi má bàa kàn án. Púpọ̀ nínú irin wọ̀nyẹn pé ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lára ilé láìṣe nǹkan kan.

Láti 1898 títí wọ àwọn ọdún 1930, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Nikolaos Balanos ló ń darí àtúnṣe ibẹ̀. Iṣẹ́ takuntakun ló ṣe, òpó tó ti wó tún nàró. Ṣùgbọ́n irin lásán ló lò, kò fi òjé bò ó bíi ti àwọn ará àtijọ́. Omi kàn án, ó dípẹtà. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, á gba àyè tó ju ìlọ́po méjì èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Inú òkúta mábù ló wú sí. Kí ni òkúta fẹ́ ṣe? Ó là.

Ní 1975, ìjọba Gíríìkì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti tún àtúnṣe náà ṣe. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àtúnṣe lórí àtúnṣe! Wọ́n ń yọ irin Balanos kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi titanium rọ́pò rẹ̀, nítorí pé òun kì í dípẹtà. Ibi tí òkúta kò bá tó, òkè Pentelikon ni wọ́n ti ń lọ gé tuntun wá, òkè kan náà tí àwọn baba ńlá wọn ti gé tàkọ́kọ́.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe ń wọn titanium yẹn. Titanium lágbára púpọ̀, wọ́n lè ki í bọ̀ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣírò rẹ̀ débi pé, bí ilẹ̀ bá mì tìtì, titanium ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ tàbí kó já, kí òkúta mábù tó fọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rọ̀ ju òkúta lọ ni. Ọ̀rọ̀ fíúsì yẹn náà nìyẹn.

Báwo ni agbẹ́kùúta ṣe ń ṣe é?

Agbẹ́kùúta tó mọṣẹ́ kì í gbé òòlù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ojú ló máa kọ́kọ́ lò. Ibo ni omi ti ń wá? Ṣé gọ́tà orí òrùlé ló là? Ṣé wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri? Tí kò bá dí orísun omi, iṣẹ́ tó bá ṣe lórí ògiri, owó onílé ló ń fi ṣòfò.

Lẹ́yìn náà ló máa yọ sìmẹ́ńtì kúrò. Ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù kékeré ló dáa jù fún un, torí ẹ̀rọ tó ń yí bírí-bírí lè ṣèèṣì gé etí òkúta, èyí tó bá sì gé kò ní padà. Á wà á wọlé tó ìlọ́po méjì bí àlàfo náà ṣe fẹ̀, ó kéré tán. Á gbá eruku inú rẹ̀ dànù, á wọ́n omi sí i kí òkúta má bàa fa omi inú àpòpọ̀ gbẹ. Á wá ki àpòpọ̀ láìmù wọ̀ ọ́ dáadáa. Nígbà tó bá parí, á fi àpò tó tutù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, kí oòrùn má bàa yára gbẹ ẹ́. Tí òtútù bá sì ti ń sún mọ́ ìwọ̀n 5, kò ní ṣe é rárá, torí bí yìnyín bá mú àpòpọ̀ tútù, á fọ́ bí àkàrà gbígbẹ.

Tí òkúta kan bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ńkọ́? Ìwọ̀nba ibi tó bàjẹ́ ni wọ́n máa gé kúrò, wọ́n á gbẹ́ òkúta tuntun tó bá ihò náà mu rẹ́gí. Irú òkúta kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ní York Minster, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́ tó wà ní York, àwọn agbẹ́kùúta tiwọn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyí látọdún dọ́dún: òkúta ẹfun tó bá ti àkọ́kọ́ mu ni wọ́n ń gbẹ́ sí ipò èyí tó ti jẹ.

Bí wọ́n ṣe máa tẹ́ ẹ náà ṣe pàtàkì. Ẹ rántí pé ìpele-ìpele ni irú òkúta yìí dì sórí ara wọn lábẹ́ ilẹ̀, bí ojú ewé ìwé. Bí ẹ bá tẹ́ ìwé ńlá sílẹ̀ tí ẹ gbé ẹrù lé e, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e nàró, tí ojú ewé kọjú síta, á máa ṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkúta tí wọ́n gbé nàró lódì, bó ṣe máa ń ṣí nìyẹn. Agbẹ́kùúta gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe sùn lábẹ́ ilẹ̀, kó sì jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ lára ògiri.

Ẹ̀yin tó bá sì ń ro iṣẹ́ yìí láti kọ́, ẹ gbọ́ èyí: eruku òkúta iyanrìn àti akọ òkúta burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ń jẹ́ silica wà nínú rẹ̀. Ó ń dá ọgbẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí oògùn tó lè mú ọgbẹ́ yẹn kúrò. Omi ni kí ẹ máa fi gé òkúta, kí ẹ sì wọ ojúlówó ìbòmú, kì í ṣe aṣọ tí a kàn dì mọ́ imú.

Ilé tiwa ńkọ́?

Ẹnì kan lè ní, "Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí, kò kàn mí." Ó kàn ẹ́ o. Lọ sí abúlé bàbá rẹ àgbà. Ó ṣeé ṣe kó o rí ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kó lè jọ ilé ìgbàlódé. Wo ara rẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Púlásítà á ti là, á máa ṣí ní abala ńláńlá. Tó o bá wo ẹ̀yìn rẹ̀, wàá rí i pé amọ̀ inú ibẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Amọ̀ náà ń mu omi, òun náà ń fẹ́ mí. Òjò gba ibi tó là wọlé, kò rọ́nà jáde. Ohun tí wọ́n ní kó dáàbò bo ògiri ló wá di àpò omi sí i lára.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ tí wọ́n ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù pa ara ògiri, tí wọ́n sì ń tún un pa bó bá ti ṣí, wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ohun tó rọ̀ tó ogiri ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Nítorí náà, yálà ilé olókùúta lẹ fẹ́ rà ní Bath ni o, tàbí ilé alámọ̀ ìdílé yín lẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ bi bíríkìlà ní ìbéèrè mẹ́rin kó tó po nǹkan kan:

1. Kí ni wọ́n fi kọ́ ògiri yìí?
2. Omi tó ń bà á jẹ́, ibo ló ti ń wá, ibo ló sì máa gbà jáde?
3. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ fi tún un ṣe kò le ju ògiri fúnra rẹ̀ lọ?
4. Bí a bá fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú, ṣé ó máa ṣeé yọ láìba ògiri jẹ́?

Tó bá dáhùn ìkẹta pé, "Ẹ má ṣèyọnu, ohun tó le jù lọ́jà la máa lò," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíì. Àwọn àgbà wa ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ògiri náà wà nínú rẹ̀.